Enrichment Ajá: Irú Iṣẹ́ Wo Ni, Ta Ni Yóò sì Sanwó Rẹ̀?

Bí ẹ bá rí ìwé tí ilé ààbò ajá kan kọ láti fi bèèrè owó, oúnjẹ ló máa ń ṣáájú. Abẹ́rẹ́ dìgbòlùgì á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà owó dókítà ẹranko, oògùn aràn, ọṣẹ àti epo jẹnẹrétọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ni ẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ kan: enrichment. Bí owó kò bá sì tó, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fa igi lé. Èmi ò gbà pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń kó bá a. Ọrọ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, nítorí náà ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé a fẹ́ sọ ajá di ọlọ́rọ̀ ni, ká ra bẹ́ẹ̀dì fún un nígbà tí ọmọ èèyàn ń sùn lábẹ́ afárá. Àwọn kan ń pè é ní ìdárayá. Ìyẹn sún mọ́ ọn, àmọ́ kò kún tó. Bí wọ́n bá ní kí èmi túmọ̀ rẹ̀, ohun tí màá sọ ni pé ó jẹ́ fífún ajá ní iṣẹ́ ajá ṣe.

Kí ni iṣẹ́ ajá? Ẹ wo ajá ọdẹ tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó. Imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń sáré, ó ń yẹ ihò wò, ó sì ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó lè mọ ibi tó kàn. Bó bá padà délé, ṣe ló máa sùn fọnfọn. Ajá tó ń rìn kiri ní Múṣin náà níṣẹ́ tirẹ̀. Ó mọ ìgbà tí alápatà ń pàtẹ, ó mọ ìyá onírẹsì tó máa ń ju egungun, ó sì ń fi imú tọ gọ́tà láti ojúlé kan dé èkejì. Ìyà ń jẹ ẹ́, ọkọ̀ sì lè gbá a nígbàkigbà, àmọ́ kò sí ọjọ́ kan tí kò rí nǹkan ṣe. Wàyí o, èèyàn rere kan gbà á là. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tì í mọ́ kéèjì, wọ́n sì ń gbé abọ́ síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Oúnjẹ tó máa ń fi odindi àárọ̀ wá tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ló fi ń jẹ ẹ́ tán. Wákàtí tó kù lóòjọ́ ńkọ́?

Wákàtí yẹn ló ń ba ajá jẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan. Á máa lá ọwọ́ ara rẹ̀ títí awọ ibẹ̀ á fi bó. Òmíràn á máa gbó láti òwúrọ̀ dalẹ́, òmíràn á kọjú sí ògiri, kò ní jẹun. Ní 1997, Michael Hennessy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wright State University, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí cortisol, èròjà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìdààmú. Wọ́n rí i pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ajá bá dé ilé ààbò, cortisol rẹ̀ máa ń ga ju ti ajá tó wà nílé olówó rẹ̀ lọ. Ilé kan náà tí a kọ́ láti fi gba ajá là ló ń kó ìdààmú bá a.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan gbígba ajá tọ́. Ẹni tó wá láti Surulere tàbí Lekki pé òun fẹ́ mú ajá lọ sílé kì í pẹ́ nídìí kéèjì. Ohun tó bá rí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi pinnu. Ìwádìí kan láti University of Florida ní 2014 fi hàn pé ajá tó bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wá wò ó, tó sì dá a lóhùn nígbà tí onítọ̀hún fẹ́ bá a ṣeré, ni wọ́n máa ń mú lọ jù. Ajá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ajá rere, tí olówó rẹ̀ àtijọ́ fi òwe sọ lórúkọ, Tántólọ́run tàbí irú rẹ̀, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Gbogbo ohun tí àlejò máa rí kò ju eyín àti ariwo lọ.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Heini Hediger, ará Switzerland tó jẹ́ alábòójútó ọgbà ẹranko, ti kọ̀wé ní 1942 pé kì í ṣe bí kéèjì ṣe fẹ̀ tó nìkan ló ṣe pàtàkì fún ẹranko, bí kò ṣe ohun tó rí ṣe níbẹ̀. Ní Britain, ìgbìmọ̀ Brambell gbé ìròyìn jáde lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ní 1965. Láti inú iṣẹ́ wọn ni òmìnira márùn-ún fún ẹranko tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí ti wá, ìgbìmọ̀ mìíràn ló sì là wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní 1979. Ọ̀kan nínú márùn-ún náà ni òmìnira láti hùwà bí ẹ̀dá ẹranko náà ṣe rí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilé ààbò ẹranko ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà tiwọn jáde ní 2010, wọ́n sì tún un ṣe ní 2022. Enrichment wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ìtọ́jú ojoojúmọ́. Kì í ṣe èènì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bí a ṣe ń ṣe é, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti imú, torí imú ni ojú ajá. Ohun tí ajá fi ń gbóòórùn nínú imú rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ. Tiwa kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún sí mẹ́fà. Nítorí náà, kò sí eré tó kún inú ajá bíi wíwá nǹkan. Ẹ mú páálí Indomie, ẹ yọ téèpù àti pín inú rẹ̀ kúrò, ẹ ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ wá da oúnjẹ àárọ̀ ajá náà sáàárín rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ náà ni o, kì í ṣe òmíràn, owó kankan kò lé sí i. Abọ́ tó ń fi ìṣẹ́jú méjì jẹ tán á di iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á fà á ya, á tú u ká, á wá èyí tó kù kiri, lẹ́yìn náà á sùn. Ẹ lè dá ihò sí ara kẹ́ẹ̀gì tí a ti fọ̀ mọ́, kí oúnjẹ máa já bọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fi imú yí i. Táyà ògbólógbòó láti Ládìípọ̀ dára fún gígùn àti fífi nǹkan pamọ́ sí. Àpò ìrẹsì ni kí ẹ má lò, fọ́nrán rẹ̀ lè wọ inú ajá lọ kó sì dí ìfun rẹ̀.

Mo fẹ́ràn páálí ju ohun ìṣeré olówó gọbọi lọ, àrùn páfò sì ni ìdí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti sin ọmọ ajá ní Lagos ló mọ bí páfò ṣe ń pa wọ́n. Kòkòrò rẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an lára nǹkan, ọṣẹ lásán kò ràn án, àfi bílíìṣì. Ohun ìṣeré tó ń ti ẹnu ajá kan bọ́ sí ẹnu òmíràn lè gbé e kiri. Páálí, ọwọ́ ajá kan ló ń parí sí, ẹ ó sì sun ún. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń rọ oúnjẹ sínú rọ́bà oníhò, wọ́n á sì gbé e sí fírísà kó le, kí ajá lè pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Èmi ò ní kọ́kọ́ ra fírísà.

Orin náà wà níbẹ̀. Ní 2002, Deborah Wells àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belfast rí i pé orin classical ti òyìnbó, èyí tí kò ní ariwo, ń mú kí ajá ilé ààbò sinmi, tí orin heavy metal aláriwo sì ń mú kí wọ́n máa gbó sí i. Rédíò kékeré kan tó fún èyí. Kíkó ajá jọ ṣeré nínú ọgbà dára púpọ̀, àmọ́ ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìjà kan lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àlejò òru. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 wo àwọn ajá tí èèyàn mú lọ sílé fún òru kan sí méjì, tí wọ́n sì dá wọn padà. Cortisol wọn lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nílé, wọ́n sì sinmi dáadáa. Nígbà tí wọ́n padà, ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ń bà pé ìpadàbọ̀ á pa ajá lára kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí onílé rẹ̀ kò gbà kí ó sin ajá ní Yábàá lè gbàlejò ajá láti Sátidé di Sọ́ńdè bí onílé bá fọwọ́ sí i.

Ó ku owó. Àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé kí ni ẹni ẹ̀yìn náà máa sanwó fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn láti fi bọ́ọ̀lù àti rọ́bà tọrẹ, torí ó dára nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Ká ní ajá 20 ló wà nílé ààbò kan, ká sì ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí ìṣẹ́jú 20 péré lóòjọ́ tí èèyàn fi bá a rìn, tó fi kọ́ ọ ní ìjókòó, tó fi gbé páálí fún un. Ìṣẹ́jú 400 nìyẹn, wákàtí mẹ́fà àti 40 ìṣẹ́jú. Odindi iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kan ni, láìtíì gbálẹ̀ kéèjì kan. Owó enrichment, owó oṣù èèyàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ń ràn wá lọ́wọ́ ní Sátidé, Ọlọ́run á san án fún wọn, àmọ́ ta ló ń wá ní ọjọ́ Túsìdé nígbà tí gbogbo ọ̀nà Ìkòròdú ti dí?

Owó oṣù yìí gan-an ló ṣòro jù láti rí. Owó ìrànwọ́ máa ń wá pẹ̀lú àṣẹ: abẹ́rẹ́ nìkan, tàbí kíkọ́ kéèjì tuntun nìkan. Ẹni tó sì kọ kéèjì tuntun sínú ìwé rẹ̀ ló sábà máa ń rí owó, nítorí ilé ṣe é fi ọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kéèjì lè ṣe. Kéèjì 20, lọ́nà ọjọ́ 365, jẹ́ 7,300 ọjọ́-kéèjì lọ́dún. Bí ajá kọ̀ọ̀kan bá lo 60 ọjọ́ kó tó rí olówó tuntun, nǹkan bí ajá 121 ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ìtọ́jú bá jẹ́ kí ó di 40 ọjọ́, ó di 182. A kò fi búlọ́ọ̀kù kan kún ilé.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ìwé ìbéèrè owó, ẹ má kọ “ohun ìṣeré.” Ẹ kọ “owó oṣù ẹnì kan fún oṣù 12,” kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ tí ajá kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dọ̀ yín báyìí sábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ajá dé, ọjọ́ tó lọ àti èyí tí wọ́n dá padà sínú ìwé kan. Bí ẹni tó fún yín lówó bá padà wá ní ìparí ọdún, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí fún un, kó tó dé ìdí kéèjì.