"Mi Ò Gbọ́ Nǹkan Kan, Mà"

Bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù rí ní Iléṣà níbí, ẹ ó ti rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n tò sẹ́yìn ọ̀gá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń wọn bípì yín, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, láàárọ̀. Bí ẹ̀rù ọ̀gá bá ń ba ọmọ yẹn jù, ara yín ló wà nínú ewu.

Mo mọ̀ ọ́n, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá kan pè mí ní olódo níwájú aláìsàn nítorí pé mo bi í ní ìbéèrè. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo wé aṣọ ẹ̀rọ bípì mọ́ apá ìyá àgbà kan, mo fi stethoscope, ohun tí a fi ń gbọ́ ìró inú ara, sí etí, n ò gbọ́ ìró kankan. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Mo kàn kọ 120/80 sílẹ̀, iye ti ẹni tí ara rẹ̀ le, mo kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Títí dòní ni apá ìyá yẹn ń wá sí mi lọ́kàn.

À ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹni tí wọ́n bú lánàá kò ní bèèrè lónìí.

Ní 1996, Amy Edmondson, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àṣìṣe oògùn nílé ìwòsàn. Ó ti rò pé níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti mọwọ́ ara wọn dáadáa, àṣìṣe á kéré. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ àṣìṣe tó pọ̀ jù sílẹ̀, torí ọkàn wọn balẹ̀ láti jẹ́wọ́.

Ní báyìí tí èmi náà ti di ọ̀gá, lọ́jọ́ kìíní ni mo ti ń mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí aláìsàn bá ń sọ Ìjẹ̀ṣà tó jinlẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ tó wá láti ibòmíràn, kó má dúró bí àlejò. Mo ń bá wọn wí o, ní kọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni mo sì ń bá wí, kì í ṣe orí ọmọ.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan wá bá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbọ́ nǹkan kan." Mo ní kó kọ́kọ́ fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù nínú ìgbọ̀nwọ́, kó tó gbé stethoscope lé e. Ó tún un wọ̀n. 180/110, ó ti ga jù. A ránṣẹ́ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.