"Inmate" Kì í Ṣe Ẹlẹ́wọ̀n: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Àgbà Inú Almshouse

Ọmọ àbúrò mi ló bi mí ní ìbéèrè yìí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Íńgílándì ni wọ́n bí i sí, ọmọ ilẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀, ó sì ń wá ìtàn ìdílé bàbá rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kan ìyá àgbà kan nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1881, opó ni wọ́n, almshouse, ìyẹn ilé ọrẹ fún àwọn àgbà, ni wọ́n ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn: inmate. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ṣé wọ́n ti ìyá yìí mọ́lé ni? Àwọn ọmọ wọn dà?"

Mo mọ ibi tí ìbéèrè kejì ti wá. Nílé wa, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Àgbàlagbà tó bá ń gbé ilé ọrẹ, ẹni tí ọmọ kọ̀ sílẹ̀ ni lójú wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn náà ń ṣe àṣìṣe yìí, torí pé wọ́n ń da almshouse pọ̀ mọ́ workhouse.

Ohun méjì ni. Workhouse ni ilé tí òfin ọdún 1834 sọ di ìbẹ̀rù fún tálákà: wọ́n ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó, wọ́n ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ lé ẹni tó bá lágbára lọ́wọ́. Ọdún 1847 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí tọkọtaya tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún máa gbé pọ̀ níbẹ̀. Almshouse ti wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú ìyẹn. Olówó, bíṣọ́ọ̀bù tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò ló ń kọ́ ọ fún àwọn àgbà, wọ́n á sì fi ilẹ̀ tì í lẹ́yìn kí owó tó ń ti ilẹ̀ náà wá lè máa gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Ẹni tó bá wọlé sábà máa ń ní yàrá tirẹ̀, ilẹ̀kùn tirẹ̀, ibi ìdáná tirẹ̀, owó díẹ̀ lọ́sẹ̀, àti èédú nígbà òtútù.

Àwọn tó ń gbébẹ̀ kì í sì ṣe ẹni àjátì. Ní St Cross, almshouse kan ní Winchester, Kádínà Beaufort dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1445 fún àwọn ẹni ńlá tí ayé ti yí mọ́ lọ́wọ́; Òtòṣì Ọlọ́lá ni ìtumọ̀ orúkọ tó fún wọn. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun àti opó wọn ni wọ́n kọ́ ti Mile End, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ní 1695. Ti Warwick, tí Robert Dudley dá sílẹ̀ ní 1571, àwọn ọmọ ogun tó ti darúgbó ló wà fún. Hospital ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, kì í sì ṣe torí pé ara ẹnikẹ́ni ò yá níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ inmate gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn lónìí, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló máa sọ sí yín lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bá onílé gbé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òfin kan wà tí ilé aṣòfin wọn ṣe ní 1589, tó ní ìdílé kan ṣoṣo ni kó máa gbé inú ilé kékeré kan. Àwọn tó bá tún wá kún onílé níbẹ̀ ni òfin náà pè ní inmate. Kò sí ẹ̀wọ̀n kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tó wá di ayé ìkànìyàn, ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò. Nínú ìwé ti ìdílé, wọ́n ń kọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí olórí ilé: ìyàwó, ọmọ, àna, ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ńlá tí èrò pọ̀ sí, tó sì ní alábòójútó, ní ìwé tirẹ̀, ipò tí kálukú wà nínú ilé ni wọ́n sì ń béèrè níbẹ̀. Ọ̀gá ilé, nọ́ọ̀sì, alásè. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ńkọ́? Inmate. Ọmọ aláìlóbìí tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ ń jẹ́ inmate nínú ìwé wọ̀nyẹn, ọmọ náà kò sì ja ẹnikẹ́ni lólè.

Almshouse kékeré tó ní ilé mẹ́rin tàbí mẹ́fà lórí ìlà kan sábà máa ń wà láìní ọ̀gá. Ńṣe ni akọ̀wé ìkànìyàn á kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kan ti gbogbo àdúgbò, á kọ opó tó bá nínú ilé sílẹ̀ bí olórí ilé, á wá kọ almswoman, ìyẹn obìnrin tó ń gbé almshouse, sí ibi iṣẹ́. Bí opó méjì tí ìgbé ayé wọn rí bákan náà ṣe lè jẹ́ olórí ilé ní ìlú kan àti inmate ní ìlú kejì nìyẹn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ló fa ìyàtọ̀. Mo ti ṣàlàyé èyí títí ẹnu fi ń ro mí, wọ́n á sì tún padà wá bi mí pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀?"

Ìwà rere ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ pé, ọdún tí wọ́n ti lò ní páríìṣì (àdúgbò abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan) gbọ́dọ̀ pé, àlùfáà tàbí ẹni pàtàkì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹni tó bá ti gba owó ìrànwọ́ tálákà kò lè wọlé. Wọ́n tún ní láti dúró kí ẹnì kan kú kí àyè tó ṣí. Bó bá jẹ́ pé ẹni ìtìjú ni ìyá yẹn, ta ni ì bá fọwọ́ sí ìwé fún wọn?

Bí ojú bá máa ti ẹnikẹ́ni, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú àwọn tó dá ilé náà sílẹ̀. Owó tí Sir Robert Geffrye fi sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irin fi kọ́ ilé mẹ́rìnlá ní Shoreditch ní 1714, èyí tó di Museum of the Home lónìí. Ọkùnrin yìí ní ìpín nínú Royal African Company, tó ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú láti etíkun Áfíríkà. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ inmate lọ. Opó tó ń yáná níbẹ̀ kọ́ ni mo máa bá wí.

N kò ní sọ pé gbogbo almshouse ló rí bákan náà o. Àwọn páríìṣì kan wà tó fún ilé tálákà tiwọn ní orúkọ yìí, láìsí olówó kankan tó dá a sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé tálákà ti ìjọba gan-an ni almshouse, irú èyí tó wà ní Philadelphia, torí náà ẹ ṣọ́ra fún àlàyé tí ẹ bá rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ wọn. Òfin àwọn ilé ti Íńgílándì náà le: wọ́n lè lé ọ̀mùtí jáde, ṣọ́ọ̀ṣì sì jẹ́ dandan ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù tí mo ti rí, ẹni tí ìlú mọ̀ sí rere ni wọ́n, àmọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti ti inú ìwé ilé tirẹ̀ jáde.

Ìwé náà ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ má ṣe da ìtàn ìdílé tí ẹlòmíràn ti tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ, torí ẹ lè bá opó méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní páríìṣì kan ṣoṣo. Ẹ má sì tíì sọ fáwọn ọmọ pé ìyá àgbà kú sínú ìyà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí orúkọ ẹni tó dá ilé náà sílẹ̀. Àwọn kọmíṣánnà tó yẹ àwọn ọrẹ bẹ́ẹ̀ wò láti 1818 sí 1837 kọ ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ ní páríìṣì-páríìṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi ìpamọ́ ìwé ti county, ìyẹn ìpínlẹ̀ ibẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè ìwé ìpàdé àwọn alámòójútó. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí pé wọ́n yan opó báyìí sí àyè lágbájá tó ti kú.

Ọmọ àbúrò mi ti rí i pé ní 1871, ìyá yẹn ṣì wà nílé ara wọn, wọ́n sì ń fọṣọ fún owó. Mo ní kó kọ lẹ́tà béèrè ìwé ìpàdé ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, kó sì wo orúkọ ẹni tó jẹ́rìí wọn dáadáa.