Bí Òkè Ṣe Ń Di Àdúgbò ní Òṣogbo

Omi ló kọ́kọ́ mú kí Òṣogbo gun òkè. Ìtàn tí àwọn àgbà ìlú ń sọ ni pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn kó àwọn ènìyàn wọn wá láti Ìpólé nítorí ọ̀dá, etí odò Ọ̀ṣun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, nínú igbó tí ó ti di ojúbọ lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò náà ń kún bò wọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ gíga. Igbó tí wọ́n fi sílẹ̀ náà, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, ni ilé kò gbọdọ̀ wọ̀. Ní gbogbo ìyókù, ilé ń lé ilẹ̀ gíga lọ láti ìgbà náà, omi yìí kan náà ló sì ń pinnu bí àdúgbò orí òkè kọ̀ọ̀kan yóò ṣe dára tó tàbí bí yóò ṣe bàjẹ́ tó.

Ìrísí ilẹ̀ ló fà á. Ilẹ̀ Òṣogbo ń gòkè, ó sì ń sọ̀: òkè gbọọrọ kan, àfonífojì kan tí odò kékeré ń ṣàn gba inú rẹ̀, òkè mìíràn tún tẹ̀ lé e, àwọn odò kéékèèké wọ̀nyí sì ń dà sínú Ọ̀ṣun nígbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí orúkọ àdúgbò fi pín sí méjì báyìí, tí Òkè-Fíà, Òkè-Baálẹ̀ àti Òkè-Ìjẹ̀tù wà ní apá kan, tí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun àti Ìsàlẹ̀-Aró sì wà ní apá kejì. Yangí pupa ló bo àpáta àtayébáyé tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Yangí yìí a máa le koránkorán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí koríko àti gbòǹgbò igi tó bò ó bá ti ṣí kúrò, òjò a máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ní góńgó òkè, erùpẹ̀ kì í nípọn, àpáta sì sún mọ́ ojú ilẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí òjò ń kó erùpẹ̀ jọ sí, ó nípọn, ó sì ń gba omi dúró. Ìyàtọ̀ yìí kò hàn sí ẹni tó wá ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń sọ bí ìpìlẹ̀ ilé yóò ṣe jìn tó, ibi tí kànga yóò ti lómi, àti ibi tí ọ̀nà yóò ti kọ́kọ́ ya.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gbẹ́ òkè kì í ṣe ibùgbé. Agboolé sún mọ́ra yí ààfin Àtáọ́jà àti ọjà ká, oko sì wà lẹ́yìn ìlú. Ogun tó wáyé ní nǹkan bí ọdún 1840, nínú èyí tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, sọ ìlú náà di ibi ìsádi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ogun ti lé kúrò nílé. Agboolé pọ̀ sí i, síbẹ̀ wọn kò jìnnà síra, nítorí ẹni tí ogun ń lé kì í lọ dá kọ́lé sórí òkè.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ na ìlú náà gùn. Ní ọdún 1907 ni ojú irin tó wá láti Èkó gba Ìbàdàn dé Òṣogbo. Fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí apá àríwá, Òṣogbo ni òpin ọ̀nà. Kòkó àti òwú ń ti ibẹ̀ lọ sí Èkó, ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó tò sí ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn oníṣòwò sì ń wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti òkè ọya. Àlejò tí kò ní agboolé ní ìlú gbọ́dọ̀ wá yàrá háyà tàbí kí ó ra ilẹ̀. Báyìí ni ilé tí a kọ́ láti fi gba owó háyà ṣe wọ Òṣogbo, ilé tí kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo, tí kò sì nílò láti wà nítòsí ààfin.

Ìjọba amúnisìn náà mú èrò tirẹ̀ wá nípa òkè. Àwọn dókítà wọn gbà pé ẹ̀fọn àti ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú ní ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìlànà ìjọba Lugard, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, sì sọ pé kí àlàfo tó tó yáàdì 440 wà láàárín ilé òyìnbó àti ilé ọmọ onílẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ibi gíga ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ibi tí aláṣẹ ń gbé, tí ilé ti jìnnà síra, tí igi sì pọ̀. Ní Òṣogbo lónìí, Òkè-Fíà ni Ilé Ìjọba tí gómìnà ń gbé wà. Ohun tó yẹ ká kíyè sí níbẹ̀ ni pé ètò ló ṣáájú ilé: wọ́n ti fa ọ̀nà, wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà, kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù wọlé. Ní àwọn òkè tí àwọn ará ìlú fúnra wọn kọ́, ilé ló ṣáájú, ètò ń sáré tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí eré náà le jù ni ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo sì di olú ìlú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ agbègbè yìí kó wá láti Ìbàdàn, wọ́n sì nílò ilé kíákíá. Àárín ìlú ti kún, nítorí náà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú oko kọjá, ó ń lọ sí apá Abéèrè níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, ó sì ń gun àwọn òkè tí wọ́n ti fi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti obì. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 2006, tí ọgbà rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo sì bọ́ sí Òkè-Baálẹ̀, irú ilé mìíràn tún dé: ilé gígùn tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún.

Kí ilé kan tó hù lórí òkè, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ìdílé. Òfin Ilẹ̀ ti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ní orúkọ àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n ní ojúlé, mọ́gàjí àti àwọn àgbà ìdílé ni olùrà ṣì máa ń lọ bá. Ilé ẹjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ta ilẹ̀ ìdílé láìsí ọwọ́ olórí ìdílé níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ìdílé bá sì tà á láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ẹ̀ka yòókù, àwọn wọ̀nyẹn lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti tú u ká. Lẹ́yìn èyí ni awọnlẹ̀ yóò wá, yóò ri òpó kọnkéré kéékèèké mọ́ igun ilẹ̀, yóò sì ya àwòrán rẹ̀. Ìwé yìí ni olùrà yóò mú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba bí ó bá fẹ́ gba C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ibẹ̀. Rìsíìtì ìdílé àti àwòrán awọnlẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe tó ń pa òkè lára ti ń wọlé. Ìdílé tó fẹ́ ta oko rẹ̀ máa ń gé e sí pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 50, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ 100, ní ìlà tó tọ́, bí ẹni pé ilẹ̀ náà tẹ́jú, kí ó má baà ṣòfò. Ọ̀nà tó wà láàárín àwọn pulọ́ọ̀tì náà á wá gun òkè tààrà láti ìsàlẹ̀ dé góńgó. Ọ̀nà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ yí òkè ká, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, a máa dá omi dúró, a sì máa pín in. Èyí tó bá gùn ún tààrà a di ojú àgbàrá. Bí wọ́n bá ti ta pulọ́ọ̀tì tán, kò tún sí ẹni tó lè yí ọ̀nà náà padà, nítorí ilé ẹlòmíràn ló wà níbi tó yẹ kó gbà.

Ẹni tó bá wo ilé kan tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè láti ẹ̀yìn, yóò rí bí owó ṣe ń wọlẹ̀. Ní iwájú, níbi tí ilẹ̀ ti ga, búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ lè má ju ìtò méjì lọ. Ní ẹ̀yìn, kí ilé tó lè rí bákan náà, bíríkìlà lè to mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì da yangí kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré ilẹ̀ ilé lé e. Bí wọn kò bá máa da yangí náà ní ìpele-ìpele, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n sì gún un kí ó kì, yóò rọlẹ̀ ní òjò méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, ilẹ̀ pálọ̀ yóò sì ya láti igun kan dé èkejì. Ògiri tó ń di ilẹ̀ mú lẹ́yìn ilé nílò ihò tí a fi páìpù ṣe, kí omi tó wọnú ilẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Ọ̀pọ̀ ògiri tó ṣubú kò ṣubú nítorí pé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò dára. Omi tó há sẹ́yìn rẹ̀ ló tì í. Páìpù mélòó kan péré ni ì bá gbà á, ó sì ń dunni láti rí i pé òun ni wọ́n máa ń fò nígbà tí owó bá ń tán lọ.

Omi mímu náà ní ìlànà tirẹ̀. Omi ìjọba tó ń wá láti odò Ẹrinlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára kí ó tó lè gun òkè, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó ń gbé lórí òkè á gbẹ́ kànga, àpáta á sì pàdé rẹ̀ kí ó tó jìn. Bí ó bá tilẹ̀ kan omi, a máa fà ní oṣù kejì àti ìkẹta. Ìyẹn ló sọ ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ di dandan níbẹ̀, nítorí omi tó wà nínú ìlà tí àpáta fi sán ni wọ́n ń wá. Ilé ìsàlẹ̀ rí omi ní kànga tí kò jìn, ṣùgbọ́n ewu mìíràn ń bá a gbé: ohun tó ń jò láti inú ṣáláńgá àti kòtò ìgbẹ́ ilé òkè ń tẹ̀ lé ilẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá ní mítà 30, kí ó sì wà lápá òkè rẹ̀. Ẹni méjì tí pulọ́ọ̀tì wọn fara kanra gbọ́dọ̀ jọ sọ̀rọ̀ kí ìyẹn tó ṣeé ṣe.

Àgbàrá ni ó wá so gbogbo wọn pọ̀. Nígbà tí òkè ṣì jẹ́ oko, ewé ń gba òjò, ilẹ̀ sì ń mu ún. Páànù àti kọnkéré kì í mu omi. Bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, tí òjò tó jinlẹ̀ ní mìlímítà 50 sì rọ̀ lé e, lítà 5,000 ni yóò dà sílẹ̀ láti orí ilé kan ṣoṣo yẹn, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù 25 tó ń gba lítà 200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ogójì ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan, tí gbogbo wọn sì kọjú páànù sí ọ̀nà kan náà, ti di odò fún wákàtí kan. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un: àwọn baba ńlá wa ti rí iṣẹ́ rẹ̀ kí páànù tó dé. Yóò kọ́kọ́ wẹ yangí ojú ọ̀nà títí òkúta wẹ́wẹ́ nìkan yóò fi kù, yóò gbẹ́ kòtò sí àárín, yóò sì ṣí ìpìlẹ̀ ògiri ọgbà sílẹ̀. Erùpẹ̀ tó gbé yóò lọ dí ojú kọ́fátì ní àfonífojì, odò kékeré yóò sì wọ ilé àwọn tó kọ́lé sí etí rẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ máa ń dá odò lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ òkè tí kò ní gọ́tà ló rán yanrìn sí wọn.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ló sábà máa ń gba ìṣòro yìí mọ́ra kí ìjọba tó dé. Wọ́n ti kọ́ láti dá owó fún òpó iná àti tiransifọ́mà, nítorí pé iná tí a bá fà, gbogbo ilé ló ń rí i lọ́jọ́ kan náà. Gọ́tà le ju ìyẹn lọ. Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí omi yóò ti dà sínú odò, kí a sì máa gòkè bọ̀, pẹ̀lú ojú gọ́tà tó ń fẹ̀ sí i bí ó ṣe ń sọ̀. Bí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi tí wọ́n kó jọ yóò já lé ilé àkọ́kọ́ tí gọ́tà náà bá ti parí. Ẹni tó wà ní góńgó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó tirẹ̀ fún iṣẹ́ tí yóò wà níwájú ilé ẹlòmíràn, ó sì lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí gọ́tà tó dé ẹnu ọ̀nà òun. Àwọn ẹgbẹ́ tó rí i ṣe ni àwọn tó fi owó náà sínú owó oṣù àdúgbò, tí wọn kò dúró de ìgbà tí ọ̀nà bá ya kí wọ́n tó máa gbé igbá kiri láti ojúlé dé ojúlé.