Òṣùwọ̀n ni, kì í ṣe “índíkétọ̀”

Ní ìpàdé kan ní Yábàá lóṣù tó kọjá, ìwé tí wọ́n pín fún wa lórí ìtọ́jú ọmọdé àti ìdílé kún fún “índíkétọ̀”, ìyẹn iye tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ń dára sí i tàbí ó ń burú sí i. Mo ka mọ́kànlá lójú ewé kan ṣoṣo. Ìyá ọlọ́mọ tó jókòó tì mí bi mí bóyá tráfíkétọ̀ ara mọ́tò ni wọ́n ń wí. Ó dùn mí gan-an, torí pé nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ìwé náà.

Àwọn kan ní ká pè é ní “atọ́ka”. Atọ́ka kàn ń nàka sí nǹkan ni, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Àwọn mìíràn ní “àmì”. Ibà ní àmì, ṣùgbọ́n àmì yẹn kò sọ iye ọmọ tí ibà pa.

Òṣùwọ̀n ni èmi ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ èdè ní Èbúté Mẹ́ta, takò mí: ó ní ohun tí a fi ń wọn nǹkan ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe iye tí a bá níbẹ̀. Mo ní kó bá mi dé ọjà Òyìǹgbò. Bí a bá ti ní “kóńgò mẹ́ta”, ṣé a kò tíì dárúkọ iye gàrí náà ni? A sì ń sọ pé ẹnì kan kúnjú òṣùwọ̀n. Ta ló gbọ́ “kúnjú atọ́ka” rí?

Kóńgò yìí náà ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Bí onígàrí bá lu ìdí kóńgò wọnú lọ́sẹ̀ yìí, o ò lè mọ̀ mọ́ bóyá gàrí wọ́n sí i ni tàbí ó wálẹ̀. Kóńgò kan náà ni orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ máa fi wọn ara rẹ̀ látọdún dé ọdún.

Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, NDHS (ìwádìí tí wọ́n ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lórí ìlera àwọn ìdílé) ti 2018 ní 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ti 2023 sí 2024 ní 110. Ó ń dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 25 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò sí pé kò gbọ́dọ̀ jù tó bá di 2030. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kóńgò kejì wá, ti ọmọ tí kò ga tó ọjọ́ orí rẹ̀: 37 nínú 100 ní 2018, ó ti di 40. À ń gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, a ò sì bọ́ ọ yó.

Mo rí ọ̀kan lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún kan sórí pákó ìwọ̀n, ìyá di orí rẹ̀ mú, nọ́ọ̀sì rọra tẹ orúnkún rẹ̀ kó lè nà, ó sì sún pákó kékeré kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 69. Ara ọmọ dá, kò gbóná, kò wúkọ́, ó ń ké tagbáratagbára. Ìyá wo nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì kọ sínú káàdì, ó wo ojú nọ́ọ̀sì.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọ mi ò kúnjú òṣùwọ̀n ni?”