Bí Oúnjẹ Ṣe Wọ Inú Eré Ìtàgé Tó Ń Jẹ́rìí Ogun

Eré ogun ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1936, àwọn òṣèré àti akọ̀ròyìn kan ní New York ti múra eré Ethiopia sílẹ̀, eré tí wọ́n fi ìròyìn tòótọ́ ṣe, lórí bí Ítálì ṣe gbógun ti ilẹ̀ náà. Abẹ́ Federal Theatre Project ni wọ́n wà, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1935 fún àwọn òṣèré tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ fi olórí ilẹ̀ òkèèrè hàn lórí ìtàgé. Elmer Rice, tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní New York, fiṣẹ́ sílẹ̀, aráàlú kò sì rí eré náà wò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n wá fi ṣí ìtàgé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n gbé Triple-A Plowed Under jáde. Láti 1933, lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Triple-A, ni ìjọba ti ń sanwó fún àgbẹ̀ pé kí wọ́n dín ohun ọ̀gbìn kù kí owó rẹ̀ lè gòkè, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé òfin náà ni. Lórí ìtàgé, àgbẹ̀ ń da wàrà nù nítorí owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi rà á, àwọn ìyàwó ilé ní Detroit sì ń fárígá nítorí ẹran tó ti wọ́n kọjá agbára wọn. Lójú tèmi, ibí gan-an ni agbára irú eré yìí ti kọ́kọ́ hàn: òǹwòran tí kò mọ ohunkóhun nípa òfin mọ iye tí òun ń ra ẹran.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń fi ìròyìn ṣeré fún ọmọ ogun tí kò mọ̀wé kà lẹ́yìn 1917. Ní Berlin ní 1925, Erwin Piscator, olùdarí eré, da fíìmù ogun, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú pọ̀ sínú eré kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ló yí nǹkan padà. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ní Stoke-on-Trent ní England, olùdarí eré Peter Cheeseman àti àwọn òṣèré rẹ̀ máa ń gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré láìfi tiwọn kún un. Nígbà tí ẹni tí ọ̀ràn kàn bá ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n sè lọ́jọ́ náà kì í pẹ́ yọjú.

Ó wá di 2013. Òṣèré Corinne Jaber àti òǹkọ̀wé eré Amir Nizar Zuabi ti gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn ogunléndé Síríà kí wọ́n tó ṣe Oh My Sweet Land. Àròsọ ni obìnrin inú eré náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló ni àwọn ìtàn tó ń sọ. Ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń po ẹran mọ́ àlìkámà, ó ń din kubah lójú gbogbo èèyàn, ó sì ń ròyìn ìpànìyàn láìgbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Òórùn epo gbígbóná á kàn òǹwòran lára, kò sí bó ṣe lè sọ pé ọ̀nà jìn. Nígbà tí eré náà dé New York ní 2017, ilé ìdáná àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń ṣe é, ìwọ̀nba òǹwòran tí yàrá bá gbà ló ń wò ó, sítóòfù onílé sì ni òṣèré fi ń dáná.