Nígbà Tí Àrùn Bá Lọ Tí Àárẹ̀ Ò Tẹ̀lé E

Obìnrin kan tó ń yan gàrí nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó lè ti bọ́ lọ́wọ́ Kòrónà, kí ibà àti ikọ́ ti lọ pátápátá. Lọ́jọ́ Ajé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó jókòó ti agbada láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó máa di Ọjọ́rú, kò lè dìde lórí ẹní: orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ń bọ́ sọnù lẹ́nu. Àwọn ará ilé á ní ibà ló padà, wọ́n á ránṣẹ́ sí kẹ́míìsì.

Ara ló ń sin gbèsè. Nínú irú àìsàn yìí, èyí tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn Kòrónà tí wọ́n ń pè ní Long COVID, iṣẹ́ àti ìyà rẹ̀ kì í jọ dé. Ó sábà máa ń tó wákàtí 12 sí 48 lẹ́yìn iṣẹ́ kí ara tó dá èèyàn dùbúlẹ̀, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi rántí agbada ọjọ́ Ajé.

Àwọn onímọ̀ ò tíì rí orísun kan ṣoṣo. Lára àwọn kan, àwọn ọmọ ogun ara kì í tètè jókòó lẹ́yìn ogun. Lára àwọn mìíràn, àjẹkù fáírọ́ọ̀sì ṣì lè wà nínú ara. Ọkàn àwọn kan sì máa ń sáré ní kété tí wọ́n bá dìde dúró.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé kí wọ́n tó pe àìsàn kan ní Long COVID, ó sábà yẹ kó ti tó oṣù 3 tí Kòrónà ti bẹ̀rẹ̀, kí àmì àìsàn náà ti wà fún oṣù 2 ó kéré tán, kó má sì sí àrùn mìíràn tó fà á. “Àrùn mìíràn” yìí ló gba iṣẹ́ jù, torí kò sí àyẹ̀wò kan tó lè tọ́ka sí àárẹ̀ yìí fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ládùúgbò ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n yẹ ibà wò nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, kí wọ́n wo ìfúnpá àti ṣúgà. Ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ikọ́ ife wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù. Àmọ́ àyà dídùn, èémí tó ń gé léèyàn lórí ìjókòó, dídákú tàbí ẹsẹ̀ kan tó wú kò ní í dúró de lẹ́tà kankan.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà ní, nítorí náà ìwé tí aláìsàn ń kọ lójoojúmọ́ ló máa bá a sọ̀rọ̀: iṣẹ́ tí mo ṣe lónìí, bí ara ṣe rí lónìí, bó ṣe rí lọ́tùn-únla.

Gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kan kí wọ́n tó yan án, ìsinmi sì wà nínú ọjọ́ tó fi ń kan. Ewu wà níbi tí jíjọ̀ àti yíyan bá bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí ọmọ ilé bá obìnrin náà jọ̀ ọ́, kó yan ìwọ̀nba, kó sì dìde nídìí agbada nígbà tí ara ṣì dá. Alápọn ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é lọ́lẹ torí ìyẹn. Bí ìwé náà bá fi hàn pé wákàtí kan nídìí agbada kò dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un. Bó bá dá a dùbúlẹ̀, kó gé e sí ìdajì.