Agbára Kọ́ Ló Wọ́n Ẹsẹ̀ Òsì

Lórí àwọn pápá tó wà lágbègbè yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí òsì ọmọ tó ń fi ọ̀tún gbá a, ẹ ó rí i tí yóò kọ́kọ́ yí gbogbo ara. Kó tó yí tán, wọ́n ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á ní, "Àbímọ́ ni, Ọlọ́run ò fún un ní lẹ́fìtì." Àwọn mìíràn á ní ẹsẹ̀ náà ni ò lágbára, kó lọ so àpò yanrìn mọ́ ọn. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì, ti àpò yanrìn sì léwu.

Ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, òsì ló fi ń dúró nígbàkígbà tó bá gbá a. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ yẹn ti ń ru gbogbo ara, báwo ni kò ṣe ní lágbára? Ọ̀tún ni kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró. Bí òsì bá fẹ́ gbá, ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ ru ara. Orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n, àyà á sá sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù á gba orí ọ̀pá lọ.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó dá dúró lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Bí èyí bá ti rọrùn, kí ẹnìkejì máa ju bọ́ọ̀lù sí i láti mítà 2, kó máa fi inú ẹsẹ̀ òsì dá a padà, kí òsì má sì kanlẹ̀ rárá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ògiri, láti mítà 3. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ń balẹ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Kí àlàfo àárín wọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí ọrùn ẹsẹ̀ òsì sì le. Ẹ wo apá pẹ̀lú: ọ̀tún ló yẹ kó nà síta. Ọ̀pọ̀ ló ń na tòsì nítorí ó ti mọ́ wọn lára, ara á sì lọ́ sódì. Kó gbá a nígbà 50, kó máa fi òsì gbà á, kó fi òsì dá a padà. Bí 40 nínú rẹ̀ bá padà wá bá a láìjẹ́ pé ó ń sáré lé e, kó sún sí mítà 5. Ìṣẹ́jú 15 tó lójúmọ́, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀, níbẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Tó bá di ìparí, ẹsẹ̀ ti rẹ̀, àṣìṣe nìkan ló máa mọ́ ọn lára.

Fẹ́lẹ́lẹ́ ò wúlò fún iṣẹ́ yìí, afẹ́fẹ́ ló ń darí rẹ̀. Nọ́ńbà 5 ni tàgbà, nọ́ńbà 4 ni tọmọ ọdún 8 sí 12. Nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gan, ẹ yọ atẹ́gùn díẹ̀ nínú rẹ̀ kó má máa ta.

Ní ti àpò yanrìn, ó ń dín eré ẹsẹ̀ kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u, ẹsẹ̀ á ṣáájú bọ́ọ̀lù débẹ̀, á sì lù ú níbi tí kò yẹ. Ó tún ń fa orúnkún àti iṣan itan. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà ò gbọdọ̀ so ó rárá.

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ kan máa ń yá ènìyàn lára ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún ni Son Heung-min, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Gúúsù Kòríà. Bàbá rẹ̀, Son Woong-jung, tóun náà gbá bọ́ọ̀lù rí, ló kọ́ ọ ní lílo òsì láti kékeré. Andreas Brehme ń kọ́? Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi gbá pẹ́nárítì tí Jámánì fi borí Ajẹntínà ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1990, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì ló ń gbá. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kò sẹ́ni tó ka ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ilé géèmù ní Under G, lẹ́bàá LAUTECH, ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń jiyàn: 1 sí 5 ni géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC ń fún ẹsẹ̀ kejì. Ti géèmù eFootball ló sún mọ́ òótọ́ jù, nítorí ó ya bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń lò ó tó sọ́tọ̀ kúrò lára bó ṣe ń fi í gbá a gún régé tó. Lórí pápá, ẹlòmíràn á gbá a gún régé lára ògiri, àmọ́ bí alátakò bá ti ń bọ̀, ọ̀tún ló máa wá. Mọ́ńkì pósù ló ń wo ìyẹn sàn: kí góòlù òsì jẹ́ méjì, kí tọ̀tún jẹ́ ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn á pàdánù bọ́ọ̀lù gan-an, kí kóòṣì má pariwo.

Páàsì kúkúrú ló ń kọ́kọ́ dára, lẹ́yìn náà gbígba bọ́ọ̀lù dúró, kí bọ́ọ̀lù gígùn tó tẹ̀ lé e. Gbígbá sílé látòkèèrè ló ń pẹ́ jù, ó sì lè má bá tọ̀tún dọ́gba láé. Arjen Robben, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Netherlands, fi òsì nìkan ṣe orúkọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá ló wà, ó láyè láti wọnú wá. Agbábọ́ọ̀lù àárín tí wọ́n há mọ́ lápá méjèèjì ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.